Yíyan Ìwé fún Ọmọdé ní Ilé-ìkàwé

Bí a bá rán ọ pé kí o lọ ra bàtà fún àbúrò rẹ, o kò ní ra èyí tí ó bá ẹsẹ̀ tìrẹ mu. O ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà kí o tó kúrò nílé, tàbí kí o kúkú mú un lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wọn ohunkóhun. A ó wọ ilé-ìkàwé, a ó mú ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, a ó sì gbé e fún ọmọ pé kí ó kà á. Bí kò bá kà á, a ó ní ọ̀lẹ ni.

Ilé-ìkàwé tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe yàrá ìkàwé ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, bí kò ṣe èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, níbi tí olówó àti tálákà ti lè yá ìwé kà. Ọ̀rọ̀ irú ilé-ìkàwé báyìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1953, ìlú Ìbàdàn ni àjọ UNESCO pe àwọn onímọ̀ jọ sí láti gbìmọ̀ bí yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àìmọye ọmọ tí kò sí ìwé kankan nílé baba wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìwé kà. Ibo ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti rí ìwé kà, bí kì í bá ṣe níbi tí a ti ń yá a? Ètò àtiforúkọsílẹ̀ kò le. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé yóò sọ fún ọ iye ìwé tí ènìyàn lè yá lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ dá a padà, àti bóyá o nílò onígbọ̀wọ́. Nídìí àtiyan ìwé gan-an ni iṣẹ́ wà.

Mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ. Jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé yọ láti orí pẹpẹ, kí ó wo àwòrán inú rẹ̀, kí ó dá a padà, kí ó tún mú òmíràn. Má ṣe kánjú. Nígbà tí ó bá ti rí èyí tí ó wù ú, ṣí i sí àárín, kí o sì ní kí ó ka ojú-ewé kan sókè. Kí ó la àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀, kí ó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá mọ̀. Bí ó bá ka ojú-ewé náà tán tí ìka kan tàbí méjì péré ká, ìwé náà bá a mu. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò nílò ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Bí ìka márààrún bá ká, ìwé náà ju agbára rẹ̀ lọ ní àkókò yìí. Bí kò bá sí ìka kan tí ó ká ńkọ́? Má gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí ó rọrùn ni ọmọdé fi ń kọ́ bí a ti ń kàwé láìsinmi lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé alàwòrán tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan kò gba irú ìdánwò yìí. Ojú ọmọ náà ni kí o máa wò.

Èmi alára ti ṣe àṣìṣe rí. Mo yá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún àbúrò mi ọmọ ọdún méje. Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà yìí jáde, adùn rẹ̀ kò sì tíì tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí òun náà fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, abẹ́ ibùsùn ni mo ti bá ìwé náà, ọmọ náà sì ń sá fún mi. Gbólóhùn Fágúnwà gùn. Ọmọ tí ó ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ yóò ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dé òpin. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, mo tan àtùpà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà sókè fún ara mi. N kò tíì dé ojú-ewé kejì tí ó fi wá jókòó tì mí. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kà á lọ.”

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé etí ọmọdé ṣíwájú ojú rẹ̀. Ìwé tí ó ju agbára ojú rẹ̀ lọ lè má ju ti etí rẹ̀ lọ rárá. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbà ọ́ láàyè, ìwé méjì ni kí o máa yá: ọ̀kan tí ọmọ náà yóò fi ojú ara rẹ̀ kà, àti ọ̀kan tí ìwọ yóò máa kà sí i létí. Fún ti àkọ́kọ́, irú ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá kíkà. Fún ti ìkejì, má bẹ̀rù ìwé tí ó nípọn.

Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni o bá rí, kò burú. Chike and the River tí Chinua Achebe kọ ní ọdún 1966 dá lórí ọmọdékùnrin kan ní Onitsha tí ó ń fẹ́ sọdá odò Ọya lọ sí Asaba. Kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orí kan, lẹ́yìn náà kí o kà á bí wọ́n ti kọ ọ́. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ìwé Yorùbá yóò fa ọmọ wọn sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. N kò bá wọn gbà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nígbà tí o bá ń kàwé fún ọmọ bíi mẹ́ta pọ̀, jẹ́ kí èyí tí ó kéré jù sún mọ́ ọ jù, nítorí òun ni àwòrán ń fà mọ́ra jù lọ. Bí Ìjàpá bá kọrin nínú ìtàn, kọ ọ́ lórin. Ìwé kì í kọ ohùn orin sílẹ̀. Dúró díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, kí o bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ di ìdánwò o. Ìwọ tí o ń múra ìdánwò lọ́wọ́ mọ bí ó ti ń rí lára.

Fi bébà bo ìwé náà lẹ́yìn, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tí epo wà ṣí i. Bí ó bá ya, sọ fún olùtọ́jú ilé-ìkàwé. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ. Má sì jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ kọjá, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọmọ mìíràn ti máa bèèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ dá a padà, ọmọ náà ni kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé orí tábìlì. Bí ìwé náà bá dùn mọ́ ọn, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ tán, yóò ti padà sí ìdí pẹpẹ.