Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ojú sánmà dé ọ̀dọ̀ abiyamọ

Bí obìnrin bá ń rọbí, àdúrà gbogbo wa ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọmọ á ti ké, ilé á ti máa yọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì kọ̀ tí kò dá lára ìyá ọlọ́mọ. Bí kò bá tètè rí ìtọ́jú, ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè ti ibẹ̀ kú láàárín wákàtí díẹ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá wà ní ìlú ńlá, tí abiyamọ wà ní abúlé ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Rwanda. Òkè ló kún orílẹ̀-èdè náà, ọ̀nà ibẹ̀ sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, mọ́tò tó bá lọ gbé ẹ̀jẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ìjọba ibẹ̀ àti ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Zipline bẹ̀rẹ̀ sí í fi baálù kékeré tí kò ní awakọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dírónù, gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn tó jìnnà.

Ilé ìwòsàn á kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé irú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni àwọn ń fẹ́. Àwọn tó wà ní ibùdó á yọ ọ́ nínú fíríìjì, wọ́n á dì í sínú páálí, wọ́n á gbé e sí ikùn dírónù. Ẹ̀rọ kan á ta á sókè bí ìgbà tí ọmọdé ń fi kànnàkànnà ta òkúta. Bátìrì ló ń lò, ó sì ń sáré tó nǹkan bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Bó bá dé, kì í balẹ̀. Á fò sún mọ́lẹ̀ díẹ̀, á ju páálí náà sílẹ̀, agboorùn tí wọ́n fi bébà ṣe á mú un rọra balẹ̀, dírónù á sì yí padà sí ibùdó.

Ẹ lè ní, "Nǹkan olówó ńlá nìyẹn, ta ni yóò san án?" Ìbéèrè gidi ni. Ní Rwanda, ìjọba ló gbà láti máa san owó ìgbéwá náà. Àǹfààní kan sì wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́: kódà nínú fíríìjì, kò lè ju nǹkan bí ọjọ́ 42 lọ. Bí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan bá ń kó tirẹ̀ pamọ́, ibì kan á máa dà á nù, ibòmíràn á máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n bó bá wà lójú kan, ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an ni wọ́n á gbé e fún. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi hàn pé láàárín àwọn ilé ìwòsàn tó ń lo dírónù ní Rwanda, ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ dín kù ní ìdá 67 nínú 100. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni dírónù sì fi ń gbé e dé, ó lé ní wákàtí kan tó fi yá ju mọ́tò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ náà dé Ghana ní 2019, ó sì dé ìpínlẹ̀ Kaduna lọ́dọ̀ tiwa níbí ní 2022. Wọ́n tún ń fi gbé oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹrù tí dírónù yìí ń gbé kò tó kìlógíráàmù méjì. Kò lè gbé aláìsàn, kò sì lè rọ́pò ọ̀nà tó dára. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé dírónù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara èèyàn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fi tirẹ̀ sílẹ̀, òfìfo páálí ni yóò máa fò kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ jẹ́ kí aya yín forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní kùtùkùtù oyún, kí wọ́n sì yẹ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má ṣe sọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ pariwo, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ara yín le, tí ẹ ti pé ọdún 18, tí ẹ kò tíì kọjá 65, tí ẹ sì wọ̀n tó kìlógíráàmù 50, ẹ lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ yín wò ná. Ọkùnrin lè ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin.

Ẹ̀yin àgbà tí ọjọ́ orí yín ti kọjá èyí, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ náà yóò gbà là lọ́la lè jẹ́ ìyàwó ọmọ yín.