Ṣé O Mọ̀? Ahọ́n Ìyá Ló Ń Wọn Ṣúgà Ọmọ

Ṣé o mọ̀ pé àdúrà máa ń gbé adùn dé ahọ́n ọmọ Yorùbá? Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, yálà ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okokomaiko l'Ékòó, oyin, ṣúgà, ìrèké àti iyọ̀ á wà lórí tábìlì. Wọ́n á ní kí ayé ọmọ dùn bí oyin, wọ́n á sì fi ìka kàn án lẹ́nu. Láti ọjọ́ kẹjọ yẹn ni adùn ti wé mọ́ ire lójú wa. (Ní ti oyin, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn àgbà nìkan máa tọ́ ọ wò. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí iṣan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rọ jọwọrọ.)

Ṣé o mọ̀ pé wàrà ọmú ti dùn tẹ́lẹ̀? Nínú 100 mililítà rẹ̀, ṣúgà tí wọ́n ń pè ní lactose tó nǹkan bíi gíráàmù 7. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń po omi glúkóòsì fún ọmọ tuntun, torí wọ́n gbà pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tàbí pé kò ní lágbára tó. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bíi 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Ta wá ni ń wọn ṣúgà inú ẹ̀kọ ọmọ? Wo ilé kan ní ẹsíteètì Ìbà láàárọ̀, kí èrò tó kún ibùdókọ̀ Ìyànà Ìbà. Ìyá da omi gbígbóná lé ògì, ó rò ó títí ó fi ki, ó bu mílíìkì sí i, ó ju kóró ṣúgà méjì sí i. Ó fi ẹ̀yìn síbí kan àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Kò tíì dùn. Ó ju ẹ̀kẹta sí i. Ọmọ ò tíì fẹnu kàn án rárá! Lóòótọ́ ni ògì máa ń kan, torí àgbàdo ti sùn nínú omi. Ṣùgbọ́n ahọ́n tó ti ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti ọgbọ̀n ọdún ló ń dá ẹjọ́ fún ahọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé ọmọ oṣù 6 sí 23 kò gbọdọ̀ mu ohun mímu tí wọ́n fi ṣúgà sí.

Oúnjẹ ọmọ inú agolo ńkọ́? Ní 2024, Public Eye, àjọ kan ní Switzerland, kéde pé àwọn bá ṣúgà àfikún tó gíráàmù 6.8 nínú ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ti Cerelac kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ní Switzerland kò ní in.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ìyá lè sọ omi di ṣúgà? Lọ́dún 1994, Daniel Hoover àti Richard Milich kó ọmọkùnrin 35 jọ ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 5 sí 7, tí ìyá wọn ní ṣúgà ń sọ wọ́n di oníjàgídíjàgan. Gbogbo wọn ni wọ́n fún ní ohun mímu tí kò ní ṣúgà rárá. Wọ́n wá sọ fún apá kan nínú àwọn ìyá pé ṣúgà ni ọmọ wọn mu. Àwọn ìyá yẹn ní ọmọ àwọn ò jókòó sójú kan. Wọ́n ń bá a wí, wọ́n ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn káàkiri. Ọ̀rọ̀ tó wọ etí ìyá ni ọmọ mu.

Àwọn tó ní kòkòrò ló ń jẹ eyín, ṣé o mọ̀ pé wọn ò jìnnà sóòótọ́? Ní 1924, J. Kilian Clarke rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú eyín jíjẹrà ní London, ó sọ ọ́ ní Streptococcus mutans. Ṣúgà ló ń jẹ. Omi kíkan tó ń yọ jáde ló ń gbẹ́ eyín. Nítorí náà ni fídà tí ọmọ kì sẹ́nu sùn fi burú, torí itọ́ tó yẹ kó ṣan eyín kì í pọ̀ lójú oorun. Ìyá á ní eyín wàrà ni, á yọ. Á yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ti ẹ̀yìn lè dúró di ọdún 10 sí 12, ọmọ ló sì ń jẹ ìrora rẹ̀ lálaalẹ́.

Èyí tó wù mí jù ni ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ta ni kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá àgbà: “Fi súwíìtì yẹn sílẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí á mú ẹ! Aràn á pọ̀ níkùn ẹ!” Aràn kì í ti inú súwíìtì wá, inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ti bàjẹ́ ni ẹyin rẹ̀ wà, ó ń bá ọwọ́ àìfọ̀ wọlé. Ìdí tí ìyá àgbà mú wá kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò ní bá a jà, torí ọwọ́ rẹ̀ tọ̀nà. Ní ibùdókọ̀ Ìyànà Ìbà, ọmọ ń sunkún sí báàgì ẹlẹ́rìndòdò tó ń kọjá. Ìyá àgbà fi jẹ̀díjẹ̀dí dẹ́rù bà á, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fi ìdajì sí i lọ́wọ́. Ọmọ wò ó, ó fẹnu kàn án, ó dákẹ́.