Máàkì Ipò Nínú Rọ́gbì Àgbáyé, àti Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀

Oṣù kẹwàá 2003 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ife Àgbáyé ti Ọsirélíà kù sí dẹ̀dẹ̀.

Láti 0 dé 100 ni máàkì. Èyí tí olùborí gbà, ọwọ́ ẹni tó fìdí rẹmi ló ti jáde, bí ọmọ ayò tó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹgbẹ́ tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù, máàkì tirẹ̀ dúró lójú kan.

Ìṣirò. Pẹ́ńsùlù àti ìwé àjákọ ti tó. Ẹ fi 3 kún máàkì onílé. Bí pápá náà kì í bá ṣe ti ẹnì kankan, ẹ má fi nǹkan kún un. Ẹ yọ kékeré kúrò lára ńlá. Bí ìyàtọ̀ bá ju 10 lọ, ẹ pè é ní 10. Ẹ wá pín in sí 10. Bí ẹni tó ga bá borí, ẹ yọ iye yìí kúrò lára 1, ohun tó kù ni èrè rẹ̀. Bí ẹni tó kéré bá borí, ẹ fi kún 1. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, iye yẹn gan-an ni ẹni tó kéré yóò gbà. Ẹni tó bá fi ju àmì ayò 15 lọ na èkejì, ẹ sọ èrè rẹ̀ di ìlọ́po kan àbọ̀.

Ká ní onílé ní 80, àlejò 84. Onílé di 83, ìyàtọ̀ jẹ́ 1, tí a bá pín in, 0.1. Onílé borí: 1.1, bó bá fi ju àmì ayò 15 lọ borí: 1.65. Àlejò borí: 0.9, tàbí 1.35. Ọ̀mì: onílé gba 0.1.

Ní Brighton, 19 oṣù kẹsàn-án 2015, Jàpáánì na Gúúsù Áfíríkà 34 sí 32. Ìyàtọ̀ máàkì wọn ju 10 lọ, Jàpáánì ló kéré, nítorí náà èrè jẹ́ 2. Ife Àgbáyé sì ni, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 4. Gúúsù Áfíríkà ì báà fi àmì ayò 50 borí lọ́jọ́ náà, òdo ni ì bá kó relé.

Ìlò rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ́ sí ìsọ̀rí. Fún Ife 2023, máàkì 1 oṣù kìíní 2020 ni wọ́n lò, wọ́n sì ṣẹ́ gègé ní 14 oṣù kejìlá ọdún náà. Ìkánjú ńlá! Ireland, Gúúsù Áfíríkà àti Scotland há sínú ìsọ̀rí kan ṣoṣo. Fún ti 2027 ní Ọsirélíà (1 oṣù kẹwàá sí 13 oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ 24, ìsọ̀rí 6), wọ́n dúró di 3 oṣù kejìlá 2025 kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé.

Tábìlì tuntun: ọjọọjọ́ Ajé.

Rọ́gbì ẹlẹ́ni méje: kò sí nínú ìṣirò yìí.