Ìdí Tí Dídín Ìwọ̀n Ara Kù Fi Máa Ń Súni Lójú Ọ̀nà

Ní ọdún 2009, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Danny Cahill, gbégbá orókè nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní The Biggest Loser. Nǹkan bíi kílò 195 ló wọ̀n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, nígbà tó gun òṣùwọ̀n níṣojú àwọn òǹwòran, ó ti di kílò 87. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ó ṣe eré ìdárayá títí òógùn fi bò ó, ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn gbogbo àwọn tí wọ́n jọ díje balẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìwé ìròyìn New York Times fi máa bá a sọ̀rọ̀ ní 2016, ohun tó ju kílò 45 lọ ti padà sí i lára.

Òun nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Kevin Hall, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní NIH nígbà náà, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ 14 nínú àwọn olùdíje náà wò lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Tá a bá pín in dọ́gba láàárín wọn, kílò 58 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dín kù nígbà ìdíje, kílò 41 nínú rẹ̀ ló sì ti padà. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wọn kálórì, ìyẹn agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ tó sì ń jó. Bí àwọn èèyàn yìí bá jókòó jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan, ohun tí ara wọn ń jó lóòjọ́ fi nǹkan bíi kálórì 500 dín sí èyí tó yẹ kí ara tó tóbi tó tiwọn máa jó. Ìyẹn ni pé ẹni méjì lè wọ̀n bákan náà, kí wọ́n jọ máa jẹ oúnjẹ kan náà, kí èyí tó ti sanra rí máa sanra sí i, kí ẹnì kejì sì wà bó ṣe wà.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù tó sì jáwọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bó bá ti sú èèyàn, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé òun ò ní ìfaradà, pé oúnjẹ ti di òrìṣà lọ́dọ̀ òun. Àwọn ará ilé náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, irọ́ tó ń ṣèèyàn ní jàǹbá ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ara ló ń ja ìjà tirẹ̀, tẹ́nì kankan ò sì sọ fún ẹni náà pé ìjà ń bọ̀.

Ibi tí ìjà náà ti ń wá kò fara sin mọ́. Ní 1994, Jeffrey Friedman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Rockefeller, nílùú New York, ṣàwárí họ́mónù kan tí wọ́n sọ ní leptin. Inú ọ̀rá ara gan-an ló ti ń jáde, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ tá a fi pamọ́ ṣì pọ̀. Bí ọ̀rá bá ti ń yọ́, leptin á máa dín kù, ọpọlọ á sì máa ṣe bí ìyá ilé tó rí i pé iṣu inú abà ti ń tán: á fún owó ọwọ́ pọ̀, á dín ìnáwó kù, á sì rán àwọn ọmọ jáde lọ wá oúnjẹ. Ní 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní Japan tún rí èkejì rẹ̀, ghrelin, tó ń ti inú ikùn jáde, tó sì ń pa ebi mọ́ni. Ẹni tó bá ń dín oúnjẹ kù, ghrelin tirẹ̀ á máa ròkè.

Èèyàn lè rò pé ara á gbàgbé tó bá yá. Àwọn olùṣèwádìí ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, fi èèyàn 50 sórí oúnjẹ tó kéré gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àwọn họ́mónù tó ń fa ebi kò tíì padà sí ipò wọn. Wọ́n gbé èsì náà jáde ní 2011. Hall náà ti gbìyànjú láti ṣírò bí ìjà yìí ṣe tó: fún kílò kan tí èèyàn bá dín kù, ohun tí ara ń jó lóòjọ́ á fi nǹkan bíi kálórì 20 sí 30 lọ sílẹ̀, àmọ́ ìfẹ́ oúnjẹ á fi nǹkan bíi 100 gòkè. Ẹ wo bí ti ebi ṣe ju tèkejì lọ. Ẹni tó ti dín kílò mẹ́wàá kù ń jí láràárọ̀ pẹ̀lú ebi tí kò mọ̀ rí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjà yìí sì ń dé ọkàn pẹ̀lú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, láàárín 1944 sí 1945, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota kó ọ̀dọ́kùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn ò jẹ́ kí wọ́n lọ sójú ogun. Wọ́n fínnúfíndọ̀ gbà kí wọ́n fi ebi pa wọ́n, kí àwọn dókítà lè mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú àwọn tí ebi ogun ti hàn léèmọ̀ ní Yúróòpù. Nǹkan bíi kálórì 1,570 ni wọ́n ń fún wọn lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì ń rìn nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Ìdá mẹ́rin ara wọn, ìdá kan lọ. Àwọn ọmọkùnrin tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, wọn ò ráyè obìnrin mọ́, wọ́n ń lá àlá oúnjẹ, àwọn míì ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìtàn. Lónìí, àwọn ètò oúnjẹ kan wà tó ń ní kí èèyàn jẹ kálórì 1,200 péré lóòjọ́. Bí ẹni tó wà lórí irú rẹ̀ bá ń pariwo mọ́ ọmọ nílé, tí kò lè ronú nǹkan míì ju dòdò lọ, kì í ṣe ìwà rẹ̀ ló bà jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá máa ń tan èèyàn. Ara ní ìwọ̀nba ṣúgà tó fi pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti inú iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Ẹni tó bá dín ẹ̀bà àti ìrẹsì kù lójijì, ṣúgà yìí ló kọ́kọ́ ń lọ, omi á sì bá a lọ. Òṣùwọ̀n á wálẹ̀ kíákíá, inú á dùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, tó bá kan ọ̀rá gan-an, tí ọ̀rá sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ, ó máa dà bíi pé iṣẹ́ ti dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú sílẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ká ní ẹ lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ jẹ ẹran díńdín, ẹ fi mọ́ínmọ́ín lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òṣùwọ̀n ní ẹ ti fi kílò kan ààbọ̀ lé. Ọ̀rá kọ́ nìyẹn. Kí èèyàn tó kó kílò ọ̀rá kan jọ, ó ní láti jẹ nǹkan bíi kálórì 7,700 lé lórí ohun tí ara rẹ̀ nílò, àwo ìrẹsì méjì ò sì lè gbé e débẹ̀. Iyọ̀ inú oúnjẹ ló dá omi dúró sára, oúnjẹ fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ìfun, tó bá sì máa fi di Ọjọ́rú, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ti lọ. Àwọn obìnrin míì tún máa ń wọ̀n sí i bí nǹkan oṣù wọn bá ti ń sún mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí òṣùwọ̀n sọ òótọ́ fún òun, kó máa gùn ún láàárọ̀ kùtù lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó mu omi, kó sì fi ti oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá, kó má fi wé ti àná.

Nílẹ̀ wa, ìṣòro mìíràn tún wà. Obìnrin kan ti ń rìn láàárọ̀, ó ti dín òkèlè kù, ara rẹ̀ sì ti ń fúyẹ́. Ó dé ìpàdé ẹbí, ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀: “Ìyá Bọ́lá, kí ló dé tó o rù báyìí? Ṣé kò sí o? Àbí ìrònú ni?” Aládùúgbò ní ṣé ọkọ ò fún un lówó oúnjẹ mọ́ ni. Wọn ò ní èrò burúkú sí i. Ní ìgbà tiwọn, àìsàn tàbí àìríjẹ ló sábà ń mú kí àgbàlagbà rù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ti ń bá jà nínú kò nílò kí wọ́n tún máa bá a jà níta. Ó dára kí ó ti sọ fún ẹni tó ṣe pàtàkì nínú wọn ṣáájú. Gbólóhùn bíi “Màmá, dókítà ló ní kí n dín in kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru” máa ń fi àwọn àgbà lọ́kàn balẹ̀, àwọn náà á sì wá máa bá a ṣọ́ ọ.

Kí ló yẹ kéèyàn máa wò gan-an, bí òṣùwọ̀n ò bá ṣeé gbára lé lójoojúmọ́? Ìwádìí tó tíì fún mi ní ìrètí jù ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, tí wọ́n ń pè ní Diabetes Prevention Program. Èèyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn ló kópa. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn di òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí apá kan wọn ṣe ni pé kí wọ́n dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó wọ̀n kílò 95, ìyẹn ò tó kílò méje. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ti àwọn tí wọ́n fún ní metformin, oògùn àtọ̀gbẹ kan, fi ìdá 31 dín. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀n tí àwọn tó ń rìn tí wọ́n sì ń ṣọ́ ìwọ̀n ara wọn dín kù padà bí ọdún ti ń gorí ọdún, síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àtọ̀gbẹ ṣì fi ìdá 34 dín láàárín wọn. Àǹfààní tí wọ́n jẹ kò bá kílò wọ̀nyẹn padà lọ.

Nítorí náà, ẹni tó ti dín kílò mẹ́fà kù tó wá dúró síbẹ̀ kò tíì kùnà rárá. Kó lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kó kíyè sí i bóyá ó ń gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle, bóyá orúnkún tó ń ro ó ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó dín oúnjẹ kù púpọ̀, torí ìwọ̀n oògùn náà lè ní láti yí padà.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, National Weight Control Registry, tí Rena Wing àti James Hill dá sílẹ̀ ní 1994 láti máa tọpa àwọn tó dín ó kéré tán kílò 13.6 kù tí kò sì padà fún ọdún kan ó kéré tán. Èèyàn tó lé ní 10,000 ló ti forúkọ sílẹ̀. Oríṣiríṣi oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, àmọ́ ìdá 75 nínú wọn ń gun òṣùwọ̀n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìdá 90 sì ń ṣe eré ìdárayá, nǹkan bí wákàtí kan lóòjọ́ tá a bá pín in dọ́gba. Ìrìn lásán ló wọ́pọ̀ jù láàárín wọn. Nígbà tí Hall àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà wo àwọn olùdíje The Biggest Loser, ibẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ wà: àwọn tí kílò wọn ò padà ń lo ara wọn ní ìdá 160 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn tó padà fún ò ju ìdá 34.

Wing tún ṣe ìwádìí mìíràn pẹ̀lú Robert Jeffery ní 1999 tó wù mí kí gbogbo ìdílé mọ̀. Nínú àwọn tó dá wá síbi ètò dídín ìwọ̀n ara kù tí wọ́n ṣe, ìdá 24 péré ni kílò wọn kò padà rárá láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá. Nínú àwọn tó bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá, tí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n á ṣe máa ran ara wọn lọ́wọ́, ó tó ìdá 66. Ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé wa ti ń jẹun, ó sì ṣòro kí ẹnì kan máa dá jẹ ẹ̀fọ́ nígbà tí àwọn tó kù ń jẹ iyán tó ga bí òkè. Bí ẹni tó ń dáná bá gbà pé kí òkèlè gbogbo ilé má ju ìkúùkù lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí epo má sì léfòó lórí ọbẹ̀ mọ́, ìjà ti fúyẹ́ dé ìdajì.

Oògùn ńkọ́? Semaglutide, abẹ́rẹ́ tó ń gbé ebi wálẹ̀, mú kí àwọn tó lò ó nínú ìwádìí kan ní 2021 dín ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Nígbà tí wọ́n dá a dúró fún ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n dín kù ti padà. Ẹ̀rí mìíràn nìyẹn pé ebi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ dókítà ni kí èèyàn ti gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìpara.

Àwọn kan ti gbọ́ pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ni lára. Phillippa Lally àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ṣe ìwádìí lórí èyí ní 2010. Ọjọ́ 66 ló sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíì tètè mọ́ ọn lára lọ́jọ́ 18, ti ẹlòmíì sì lè tó ọjọ́ 254. Ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ lójú ọ̀nà kò pàdánù ohun tó ti kó jọ. Láàárín àwọn tó wà nínú ìwé Wing àti Hill, ẹni tó bá ti di ìwọ̀n rẹ̀ mú fún ọdún méjì sí márùn-ún, ó ṣeé ṣe gan-an pé kò ní padà sẹ́yìn mọ́.