Gààrí Inú Àpò Wa àti Iṣẹ́ Àwọn Ará Yunifásítì



Nígbàkígbà tí a bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, tí ọ̀rọ̀ bá dé orí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ẹnìkan a máa bi wá pé: kí ni àwọn ará yunifásítì ń ṣe fún wa gan-an? Wọ́n ń gba owó ìjọba, wọ́n ń kọ ìwé ńláńlá, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò rí i jẹ, oníṣòwò kò rí i tà. Ìbéèrè náà kò burú rárá. Ẹni tí ó ń san owó orí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi owó náà rà. Gààrí ni a ó fi dáhùn, nítorí kò sí ẹgbẹ́ kan nínú àpapọ̀ wa tí kò ní ọmọ ẹgbẹ́ tí ń yan gààrí, tí ń tà á, tàbí tí ń mu ún.

Kí onímọ̀ kankan tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé májèlé wà nínú gbágùúdá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gẹ́ tàbí pákí. Wọ́n mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ rin ín, kí a dì í sínú àpò, kí a gbé òkúta lé e, kí ó sùn, kí a tó yan án. Ìdí rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdí ohun tí ó ń ṣe, bí ọjà bá ti ń kán an lójú, ohun tí ó gba àkókò jù ni yóò kọ́kọ́ gé kúrò. Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ tí a ń bẹ̀ wò nìyẹn. Wọn a rin ẹ̀gẹ́ lónìí, wọn a yan án lọ́la, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ó di ọ̀la.

Ní ọdún 1959, nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn olùwádìí méjì níbẹ̀, Collard àti Levi, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí gààrí jáde nínú Nature, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kà káàkiri ayé. Wọ́n ní ìpele méjì ni ẹ̀gẹ́ rírin fi ń kan nínú àpò. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú sítáàṣì rẹ̀, tí wọn yóò sì sọ omi rẹ̀ di kíkan. Nígbà tí ó bá kan tó, irú kòkòrò mìíràn, tí ó jọ funfun tí ń hù lára oúnjẹ tí ó bá bu, yóò wọlé. Òun ni ó ń fún gààrí ní òórùn àti adùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n tún rò pé kíkan náà ni ó ń tú májèlé inú ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn yẹ apá yìí wò, wọ́n sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ yín fi ẹ̀yáwó rà.

Ohun kan wà nínú iṣu ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní línámárìn. Ohun mìíràn wà nínú iṣu kan náà tí ó lè tú línámárìn náà palẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri wà láàrin àwọn méjèèjì, bí ìgbà tí iná wà ní yàrá kan tí bẹntiróòlù sì wà ní yàrá kejì. Ọjọ́ tí a bá rin ẹ̀gẹ́ ni ògiri náà wó. Àwọn méjèèjì á pàdé, sáyánáìdì á sì jáde. Sáyánáìdì yìí ni májèlé gan-an, ṣùgbọ́n kì í lè dúró pẹ́. Ó ń bá omi jáde nígbà tí jáàkì bá fún àpò. Ó ń bá èéfín lọ nígbà tí agbada bá gbóná, nítorí ooru tí ó tó ìwọ̀n 26 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, ìrin ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ̀gẹ́ tí kò bá kúnná, ògiri kò wó nínú àwọn kókó rẹ̀, májèlé sì wà níbẹ̀ ní àtìmọ́lé. Bí ó bá bọ́ lójú ajọ̀, yóò bá gààrí dé inú àwo. Páànù tí a fi ìṣó lu, tí a fi yí igi ẹ̀rọ ká, kì í mú títí ayé. A ti rí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ tí páànù rẹ̀ ti dán bí àwo, tí ó jẹ́ pé ńṣe ni ó ń fọ́ ẹ̀gẹ́, kò rin ín mọ́. Akápò a ní kò sí owó páànù. Owó páànù kò tó owó àpò gààrí méjì!

Àwọn ọjọ́ tí àpò fi ń sùn náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ní àkókò náà ni ohun tí ìrin kò tú tán máa ń rí àyè tú, tí omi ń rò, tí adùn ń wọlé. Àwọn ará Ìjẹ̀bú kò tíì fi èyí ṣeré, ẹnu gbogbo wa sì ni ó ń jẹ́rìí sí gààrí wọn.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé a ti ń jẹ gààrí ọjọ́ kan, a kò sì kú. Kí ó gbọ́ èyí. Láàrin 1960 sí 1970, ní ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, dókítà ọmọ Òkèmẹ̀sí tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1970, ń rí àwọn aláìsàn kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó wọn, ẹsẹ̀ wọn kò dúró lórí ilẹ̀ mọ́, ojú wọn ń ṣókùnkùn, etí wọn ń di. Kò dúró sí ọsibítù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ àwọn abúlé lágbègbè Ẹ̀pẹ́, wọ́n wádìí ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1968 àti 1969, wọ́n fi hàn pé ohun tí a gbọ́dọ̀ fura sí ni oúnjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, láìsí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tí ó tó nǹkan pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ni ara fi ń sọ sáyánáìdì di ohun tí a lè tọ̀ dànù. Àwọn olùwádìí mìíràn lọ sí ìlú kan ní Ìjẹ̀bú ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún tí ó kọjá, wọ́n ṣì bá àìsàn náà níbẹ̀, wọ́n sì jiyàn pé ó lè má jẹ́ sáyánáìdì nìkan ni ó fà á. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ní tiwa o, a kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi dúró de ìparí rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí àpò sùn.

Ọjà òkèèrè pàápàá kò dúró. Láti 1989 ni Codex, àjọ tí ń fi òṣùwọ̀n oúnjẹ lélẹ̀ fún gbogbo ayé, ti sọ pé sáyánáìdì inú gààrí kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ra gààrí, ẹgbẹ́ tí ó bá sì fẹ́ tà fún wọn gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí hàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ̀rọ̀ owó. Àwọn ẹgbẹ́ ń sọ fún wa pé àwọn kò lè dúró di ọjọ́ mẹ́ta: oníbàárà ti dé, ẹ̀yáwó sì ń lé wọn. A mọ̀ pé ìnira ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹgbẹ́ tí ó ń rin àpò 10 lójúmọ́, tí ó ń yan án ní ọjọ́ kejì, àpò 10 ni ó máa ń ní nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí àpò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, àpò 30 ni yóò máa ní nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbada yóò tutù fún ọjọ́ méjì sí i. Láti ìgbà náà lọ, àpò 10 ń wọlé lójoojúmọ́, àpò 10 ń jáde lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Èrè kò dín. Ohun tí ó há sílẹ̀ ni owó ẹ̀gẹ́ àpò 20, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó òfìfo àpò àti ibi tí a ó tò wọ́n sí. Irú owó báyìí gan-an ni a dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fún. Kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀yáwó rẹ̀ ṣáájú ẹ̀yáwó aṣọ òde (ẹ máà bínú sí wa), kí wọ́n má sì jẹ́ kí ìsanpadà àkọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí agbada tutù.

Kì í ṣe yunifásítì nìkan ni ó ń ṣe ìwádìí. Ilé-iṣẹ́ IITA tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967 ni Dókítà S. K. Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, ti pèsè ẹ̀gẹ́ 30572, tí kò jẹ́ kí àrùn tí ń ká ewé kó rí i gbé ṣe bí ó ti ń ṣe àwọn tí a ń gbìn tẹ́lẹ̀. Inú àwọn àgbẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í joyè Sẹ̀ríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè. Àgbẹ̀ kan gé igi rẹ̀ fún èkejì, èkejì gé fún ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ó ń san owó fún onímọ̀. Èyí ni kì í jẹ́ kí a rí èrè ìwádìí fojú. Kì í wọ àpò ẹnìkan kí a lè kà á. Inú oko gbogbo wa ni ó ti ń tú ká.

Àwọn ará yunifásítì náà kò mọ́ pátápátá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀, fún ara wọn láti kà. Láti 1959 títí di òní, ìyá mélòó tí ń yan gààrí ni ó ti gbọ́ pé páànù ẹ̀rọ òun ni ó ń pinnu bóyá májèlé yóò jáde tàbí kò ní jáde? Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè máà lè lọ bá wọn, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ẹgbẹ́ lè lọ. A ti dábàá pé kí wọ́n kọ̀wé sí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988, láti béèrè iye tí yóò ná wa láti yẹ gààrí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò, àti bóyá wọ́n lè rán ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa wá bá wa sọ̀rọ̀.

Kí ìyẹn tó dé, nígbà tí a bá tún wá yẹ ìwé wò, kì í ṣe ìwé owó nìkan ni a ó béèrè. A ó fẹ́ rí ọjọ́ ìrin tí a kọ sára àpò kọ̀ọ̀kan, a ó sì ní kí akọ̀wé mú rìsíìtì páànù tuntun jáde.