Owó ọ̀dá: ààlà káúńtì ló ń pín in

Ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù lè rí i lójú ara rẹ̀ pé koríko òun ti gbẹ, síbẹ̀ kí ìjọba má fún un ní kọ́bọ̀. Àfi kí ọ̀dá náà hàn lórí àwòrán ilẹ̀ kan tó ń jáde ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. U.S. Drought Monitor ni wọ́n ń pè é. Yunifásítì Nebraska tó wà ní Lincoln àti àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ló jọ ń ṣe é. D0 ni ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, D4 ni ọ̀dá tó le jù.

Bí ibikíbi nínú káúńtì kan bá ti wọ D3 lásìkò tí ẹran ń jẹko, gbogbo olùsìn ẹran tó yẹ níbẹ̀ lè béèrè owó oṣù mẹ́ta lábẹ́ ètò Livestock Forage Disaster Program. Ìdá 60 nínú 100 owó oúnjẹ ẹran ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí òjò rọ̀ sí pápá rẹ̀ ní igun kejì káúńtì náà lè gbà. Aládùúgbò rẹ̀ tí wáyà lásán pààlà láàárín wọn, bó bá ti bọ́ sí káúńtì tí kò tíì dé ìpele tó yẹ fún owó, á máa wò ó ni. Ó yani lẹ́nu, àmọ́ mo gbà pẹ̀lú wọn: bí òṣìṣẹ́ bá ní láti yẹ pápá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ebi á ti pa màlúù kówó tó dé.

Ti iná yàtọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2024, iná Smokehouse Creek sọ ní káúńtì Hutchinson ní àríwá Texas. Ó jó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù sì kú. Ìjọba ń san ìdá 75 nínú 100 iye tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí pé ẹran wà, pé ó sì kú: fọ́tò òkú rẹ̀, rìsíìtì, ìwé dókítà ẹran. Wọn á tún yọ iye tí ì bá kú lọ́dún láìsí iná kúrò.

Ọ́fíìsì Farm Service Agency, àjọ kan lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, ló ń gba ìwé wọ̀nyí, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò dìbò yàn. Ará ilé mọ ará ilé, ó dára. Ó sì tún léwu. Timothy Pigford, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú láti North Carolina, pe Ilé-iṣẹ́ Ètò Ọ̀gbìn lẹ́jọ́ ní 1997 pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú sí àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí Adájọ́ Paul Friedman fọwọ́ sí àdéhùn wọn ní 1999, ó kọ ọ́ pé ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù ìlà-oòrùn, ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí wọ́n fi ń yẹ ìwé aláwọ̀ funfun wò ni wọ́n fi ń yẹ ti aláwọ̀ dúdú wò.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ló sì ń ro ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún. Gbogbo ọmọ ló ni ín, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò sí lórí rẹ̀. Láìní ìwé ilẹ̀, wọn kò rí nọ́ńbà oko tí Farm Service Agency ń fúnni gbà tẹ́lẹ̀. Láìní nọ́ńbà oko, kò sówó àjálù. Òfin Oko ọdún 2018 ló tó gbà kí wọ́n lo ẹ̀rí mìíràn dípò ìwé ilẹ̀.