Ta Ni Ó Ń Dá Olóṣèlú Padà Sórí Àga?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò jẹ́ èyí tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn lé lórí. Bí olóṣèlú kan bá lo sáà kan tán, tí ó sì tún wọlé, ǹjẹ́ a lè sọ pé ará ìlú ni ó fẹ́ ẹ? Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìbò ni ó gbé e wọlé. Àwọn mìíràn á ní ẹni tí ó wà lórí àga ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tiwa, ọwọ́ mẹ́ta ni a rí: ọwọ́ olùdìbò, ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, àti ọwọ́ ẹni tí ó jókòó sílé. Ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò ṣi èsì ìbò kà.

Ọwọ́ olùdìbò

Ní ọdún 1979, Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ kò tó nígbà náà. Àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, àwọn yòókù ń lọ lọ́sàn-án. Ìjọba rẹ̀ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, ó sì fi òpin sí ètò náà. Nígbà tí ìbò 1983 dé, Jakande tún wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ológun tó gba ìjọba. A lè rò pé iṣẹ́ rere nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ ẹgbẹ́ UPN kan náà, tí òun náà ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò padà wọlé ní 1983. Dókítà Ọmọ́lolú Olúnlọ́yọ̀ọ́ ni wọ́n kéde, àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí ìbò náà. Ní Ọ̀yọ́ yìí, kò sí gómìnà tí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì léra títí di 2015, nígbà tí Abíọ́lá Ajímọ̀bi ṣe é, tí wọ́n fi ń pè é ní Kòṣẹlẹ̀rí. Ní 2019, nígbà tí ó fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àwọn olùdìbò kò gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Ọgbà, tí ó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége. Ní 25 Oṣù Kejì, 2023, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ni ó borí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà nínú ìbò ààrẹ. Bọ́lá Tinúbú, tí ó ti ṣe gómìnà Èkó fún ọdún 8, ni ó borí ní Agége. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Abíọ́dún Fálékè ti ẹgbẹ́ APC, tí ó ti ń ṣojú Ìkẹjà nílé aṣòfin kékeré l'Ábújá láti 2011, tún wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin. Ibùdó ìdìbò kan náà ni, èsì rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Àwọn kan mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó ti ṣe alága káńsù Òjòdú; ìbò àwọn alátakò pẹ̀lú lè pín sí ọ̀nà púpọ̀. Ẹ kò rí i pé kíkọ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lókè kò fi dandan jẹ́ kíkọ ọmọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nísàlẹ̀?

Ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ olùdìbò kò tó ibi tí ẹgbẹ́ ti ń yan olùdíje. Akínwùnmí Ambọde wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà Èkó ní 2015. Ní Oṣù Kẹwàá, 2018, Babájídé Sanwó-Olú borí rẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ APC. Nígbà tí ará Ọgbà dé ibùdó ìdìbò ní 2019, kò sí orúkọ Ambọde lórí ìwé ìbò. Yálà wọ́n fẹ́ ẹ tàbí wọn kò fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n.

Òfin pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò jẹ́ kí gómìnà lò ju sáà méjì lọ, ṣùgbọ́n kò fi òpin sí ti aṣòfin. Ìdí nìyí tí Mudáṣírù Ọbásá fi ń ṣojú ẹkùn kìíní Agége nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láti 2007. Òfin kan náà gba olùdìbò láyè láti pe aṣòfin padà sílé bí èyí tí ó ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé, tí ìbò sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ọwọ́ ẹni tí ó jókòó sílé

Ní 18 Oṣù Kẹta, 2023, Sanwó-Olú wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ó borí ní ìjọba ìbílẹ̀ 19 nínú 20, Ìkẹjà wà nínú wọn. Ìbò tí ó ní jẹ́ 762,134. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó sì ju mílíọ̀nù 7 lọ. Kò pé ẹnìkan nínú mẹ́sàn-án tí ó dìbò fún un, àwọn tí ó dìbò fún ẹlòmíràn sì kéré sí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò jáde rárá. Àwọn aṣàkíyèsí jábọ̀ pé wọ́n dẹ́rù ba olùdìbò ní àwọn ibùdó kan. Ìdí mìíràn tún wà: ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá ní Ọgbà lè kó kúrò ní Agége lọ sí Ìfakò láìgbé orúkọ ìdìbò rẹ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀, ọkọ̀ kì í sì rìn lọ́jọ́ ìbò.

Bẹ́ẹ̀, nínú ìbò ààrẹ ti oṣù tí ó ṣáájú, ìyàtọ̀ láàárín Obi àti Tinúbú ní gbogbo Èkó jẹ́ 9,848 péré. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìbò òun kò já mọ́ nǹkan, kí ó tún iye yẹn kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ní ará ìlú fẹ́ràn ẹni tí ó padà wọlé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó fi orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìbò? Mélòó ni ó jáde? Mélòó nínú wọn ni ó yàn án? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ ọwọ́ tí ó ṣe é.